Ìbọn Ìléwọ́ Tó Ń Há: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tí Ọta Dúró Sí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ aláṣọ ìjọba, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà, tí ìbọn ìléwọ́ yín bá há, ẹ yéé fi gbá tábìlì. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi kọ́ yín. Ọmọ á yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ìbọn á há, kíá ló ti fi ìdí ẹ̀ gbá nǹkan, tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́ á fa síláìdì, irin orí ìbọn tó ń yọ̀ síwájú sẹ́yìn, wàrà wàrà, nǹkan á bọ́ sílẹ̀, ìbọn á tún máa dún, á wá yíjú sí mi pé "Ọ̀gá, ó ti dáa." Kí ló dáa níbẹ̀? O ò mọ ohun tó ṣe é, o ò mọ ohun tó wò ó sàn, ó di ìgbà tó bá tún wù ú kó há, ìgbà yẹn sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀mí ẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Iṣẹ́ ármọ̀rà, ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, Ṣómólú ni mo wà báyìí, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣì ń pè mí láti Ìkẹjà, láti Ọbáléńdé, kódà àwọn tí wọ́n ti gbé lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: nígbà tó há yẹn, níbo ni ọta dúró sí? Ọ̀pọ̀ wọn ò ní lè dáhùn torí wọ́n ti fà á kí wọ́n tó wò ó. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọta tàbí kòròfo ẹ̀ (èèpo ọta tí wọ́n ti yìn tán) dúró sí yẹn ló máa sọ ẹni tó jẹ̀bi, bóyá màgásíìnì tí wọ́n ń to ọta sí ni o, bóyá ọwọ́ tó dì í mú ni, bóyá èékánná irin inú ẹ̀ ni, bóyá ọta gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá ti fà á, ẹ ti pa ẹlẹ́rìí. (Tí ẹnì kan bá ń yìnbọn sí yín o, ẹ tètè tú u, ẹ má dúró wo nǹkan kan. Réǹjì, pápá tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ni mo ń sọ, àti inú bárékè.) Ẹ sì jẹ́ kí èyí wọ̀ yín létí: ìbọn tó há kì í ṣe ìbọn tó ṣófo. Ẹnu ẹ̀ síbi tí kò ní pa ẹnikẹ́ni, ìka kúrò lórí tírígà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Jẹ́ n yára sọ ti òfin, torí gbogbo èèyàn ló ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nílẹ̀ wa níbí, Firearms Act ti 1959 kó ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ìbọn tí òfin dè, kò rí bí ìbọn ọdẹ, láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́. Torí náà, tí kì í bá ṣe pé ìjọba ló gbé e lé ọ lọ́wọ́ torí iṣẹ́, má lọ wá a kiri, má sì bi mí níbi tí wọ́n ti ń rà á. Àwọn ará wa tó wà l'Amẹ́ríkà tí wọ́n ń lọ réǹjì ní Sátidé lè jókòó gbọ́, ìbọn kan náà ni.

Ó yẹ kó yé èèyàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn lèèyàn á mọ ibi tó ti lè há. Tí abẹ́rẹ́ ìbọn bá lu práìmà, ohun kékeré tó ń dáná sí ẹ̀tù, lẹ́yìn ọta, ẹ̀tù inú ẹ̀ á gbiná, á ti orí ọta jáde síwájú, á sì ti síláìdì sẹ́yìn. Bí síláìdì ṣe ń padà sẹ́yìn, èékánná irin kékeré kan tí àwa ń pè ní extractor ti gbá etí kòròfo mú, á fà á jáde nínú ilé ọta, ìyẹn ìdí bárẹ́ẹ̀lì (ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde), kòròfo á lọ kọlu irin kékeré kejì, ejector, ìyẹn á ta á síta gba ojú fèrèsé, ihò tó wà lára síláìdì. Sípíríǹgì á wá ti síláìdì padà síwájú, á gbá ọta tuntun lórí màgásíìnì, á tì í gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó wà lẹ́nu ilé ọta, ọta á wọlé, ó tì pa. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Iṣẹ́ ọwọ́ John Browning ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, òun ló ṣe èyí tí ṣọ́jà Amẹ́ríkà gbà ní 1911, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ Hi-Power tí ilé iṣẹ́ FN ní Belgium wá gbé jáde ní 1935, ọdún bíi mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti kú. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ aláṣọ nílẹ̀ wa á mọ Browning yẹn, ọta 13 ni màgásíìnì ẹ̀ ń gbà. Glock tí ilẹ̀ Austria gbà fún àwọn ṣọ́jà wọn ní 1982, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ṣe fáàrí, bárẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ṣì ń tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó tú bíi ti Browning náà ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń há bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí kò dún rárá. O tẹ tírígà, ó ní "kà", kò sí nǹkan. Lórí réǹjì, má yí ẹnu ìbọn kúrò, jẹ́ kó kọjú síwájú, ka ìṣẹ́jú àáyá 30, torí ẹ̀tù míì máa ń lọ́ra kó tó gbiná. Lẹ́yìn ẹ̀ ni kí o ti ìdí màgásíìnì sókè gbọn-in, fa síláìdì sẹ́yìn tán, jẹ́ kó lọ fúnra ẹ̀, má fọwọ́ sìn ín padà. Wá mú ọta tó jáde wò. Tí àpá ojú práìmà bá jinlẹ̀, abẹ́rẹ́ ti ṣe tiẹ̀, ọta ló kú. Tí àpá yẹn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, abẹ́rẹ́ àti sípíríǹgì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, tàbí ìdọ̀tí àti òróró tó ti dí ojú ọ̀nà ẹ̀. Tí ọta kankan ò bá jáde, màgásíìnì ni kò wọlé tán, ilé ọta ṣófo tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun ló ń ṣe ìyẹn jù, wọ́n á rọra ti màgásíìnì wọlé, wọn ò ní dúró gbọ́ kó dún "ká".

Ṣùgbọ́n tó bá dún, tí ìdún ẹ̀ wá ṣe "pù" lásán, tí kò gbọn ọwọ́ bó ṣe máa ń gbọ̀n ọ́n, DÚRÓ NÍBẸ̀. Má fa síláìdì kí o tún yin òmíì. Orí ọta lè ti há sínú bárẹ́ẹ̀lì, tí òmíì bá tẹ̀lé e, bárẹ́ẹ̀lì lè wú, ó sì lè bẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Yọ màgásíìnì, kó ohun tó wà nílé ọta jáde, tú ìbọn palẹ̀, mú bárẹ́ẹ̀lì nìkan kọjú sí ìmọ́lẹ̀ kí o wò ó já. Bárẹ́ẹ̀lì tó ti kúrò lára ìbọn ni mo wí o, ẹni tó ń yọjú wo ẹnu ìbọn tó wà lódidi, mi ò fẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí, èyí ló lè géèyàn níka jù.

Èyí tí gbogbo èèyàn ti rí ni kòròfo tó dúró ṣánṣán lójú fèrèsé, tí síláìdì fún un mọ́ra tí kò lè tì. Ó túmọ̀ sí pé kòròfo ti kúrò nínú ilé ọta, ṣùgbọ́n kò rí agbára fò jáde kí síláìdì tó dé bá a. Ta ló gba agbára ẹ̀? Nígbà púpọ̀, ọwọ́ ni. Síláìdì gbọ́dọ̀ sáré padà lórí férémù, ara ìbọn tí ọwọ́ ń dì mú, férémù sì gbọ́dọ̀ dúró sí i. Tí ọrùn ọwọ́ bá dẹ̀, tí gbogbo ìbọn ń bá síláìdì lọ sẹ́yìn, ó dà bí ìgbà téèyàn ń fa ilẹ̀kùn tí férémù ilẹ̀kùn náà ń tẹ̀lé e bọ̀, ibo ló fẹ́ ṣí dé? Mo rántí géńdé fìrìgbọ̀n kan lórí réǹjì tó ń bú ìbọn tí wọ́n fún un, ó ní wọ́n ti lò ó gbó, bó bá ti yìn ín díẹ̀ kòròfo á tún dúró lójú fèrèsé. Mo gba ìbọn náà, mi ò yọ màgásíìnì ẹ̀, mo gbé e fún kọ́ńsítébù obìnrin kan tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ọmọbìnrin yẹn gbé ọwọ́ ọ̀tún gòkè títí tí àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ẹ̀ fi kan abẹ́ ìrù ìbọn, ó fi ọwọ́ òsì dí gbogbo àlàfo tó kù lára ìdìmú, ó ti ọrùn ọwọ́ méjèèjì pa, ó sì yìn ín títí síláìdì fi dúró sẹ́yìn pé ọta ti tán. Ẹ̀rín ni àwọn yòókù fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Géńdé wa lágbára o, àmọ́ ìsàlẹ̀ ìdìmú ló ń dì mú, ọwọ́ òsì ẹ̀ kàn wà níbẹ̀ ni.

Ìdánwò tí mo máa ń ṣe nìyẹn títí dòní: ìbọn kan náà, màgásíìnì kan náà, ọta kan náà, ọwọ́ míì. Tó bá dẹ́kun, ẹ fi ìbọn sílẹ̀. Tó bá ṣì ń ṣe é lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ wo bóyá ọta yẹn ò lágbára tó, bóyá ìdọ̀tí ti dí abẹ́ èékánná, bóyá ẹnu ejector ti jẹ. Beretta 92 kì í sábà ṣe é, orí síláìdì ẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, kòròfo rí ààyè fò.

Màgásíìnì wá ńkọ́. Ibẹ̀ ni ìyọnu pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì lẹnikẹ́ni kì í wò, nítorí pé páánù lásán ni lójú wọn. Tó bá jẹ́ pé ọta há láàárín ọ̀nà, ìdí ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu màgásíìnì, imú ẹ̀ ti lọ kọlu gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn tí kò lè gùn ún, tàbí ó gbé imú sókè jù ó lọ gún òkè ilé ọta, màgásíìnì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. Ètè méjì tó wà lórí ẹ̀ yẹn ló ń di ọta mú, òun ló ń sọ bí ọta ṣe máa gbé orí àti ìgbà tó máa jọ̀wọ́ ẹ̀. Kó já bọ́ lórí kọnkéré lẹ́ẹ̀kan péré, ètè kan lè là ju ìkejì lọ, ojú lásán ò sì ní tètè rí i. Sípíríǹgì inú ẹ̀ náà lè rẹ̀, ọta ò ní tètè gòkè, síláìdì á ti kọjá lórí ẹ̀ tàbí kó gbá a níbi tí kò yẹ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ mú èyí tẹ́ ẹ fura sí àti òmíì tẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣèyọnu, ẹ to ọta aláìlẹ́tù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ sínú méjèèjì, ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá wọn dọ́gba. Imú ọta tó wà lókè gbọ́dọ̀ gbé sókè díẹ̀, bákan náà nínú méjèèjì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Èyí tó bá dorí kodò, tàbí tó ń fà wọ́rọ́wọ́rọ́ kó tó padà gòkè, ọwọ́ yín ti tẹ olè.

Ẹ sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n ra ọ̀dà èékánná obìnrin ní Balógun tàbí Tejúoṣó, èyíkéyìí tó bá funfun, kí wọ́n fi kọ 1, 2, 3 sí ìdí màgásíìnì. Gbogbo ìgbà tí ìbọn bá há, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, nọ́ńbà màgásíìnì, irú ọta, ibi tí ọta dúró sí. Bó pẹ́ bó yá, ẹ máa rí i pé 3 ló ń dá gbogbo wàhálà sílẹ̀ tí wọ́n sì ti ń bú ìbọn láti ọjọ́ yìí wá. Tó bá ń há pẹ̀lú gbogbo wọn, ìgbà yẹn la tó wá bi ìbọn léèrè ọ̀rọ̀. Màgásíìnì tó ti bàjẹ́, ẹ dá a padà kí wọ́n fún yín lómíì, ẹ má fi páláyà tẹ ètè ẹ̀. Ẹ má sì da òróró sínú ẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, òróró inú màgásíìnì á kó eruku jọ, á sì wọnú práìmà lọ pa ọta.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Amẹ́ríkà gba Beretta fún ṣọ́jà wọn ní 1985, wọ́n pè é ní M9. Nígbà tí wọ́n dé Iraq, ó bẹ̀rẹ̀ sí í há nínú yanrìn, gbogbo èèyàn ń bú Beretta. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àwọn màgásíìnì kan tí ilé iṣẹ́ míì ṣe fún wọn ló wà nídìí ẹ̀, ohun tí wọ́n fi kun ara ẹ̀ rí ṣákaṣàka, yanrìn ń lẹ̀ mọ́ ọn, ọta ò lè gòkè. Ìbọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹni tó wá ń mú sáńdípépà lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ilé ọta pé òun fẹ́ kó dán, kó ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀! Tí o bá yọ díẹ̀ jù níbẹ̀, ìdí kòròfo ò ní rí nǹkan fẹ̀yìn tì mọ́, ó lè bẹ́ nínú ìbọn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti aṣọ ti tó, ó tán síbẹ̀.

Ọta méjì tó jọ fẹ́ gba ilé kan, èyí ni àwọn ọmọ ń bẹ̀rù jù. Kòròfo àtijọ́ ò jáde, síláìdì sì ti lọ gbé ọta tuntun wá láti wá tì í nídìí. Títì àti fífà ò ní tú èyí, ṣe lẹ máa fún wọn mọ́ ara wọn sí i. Ẹ fa síláìdì sẹ́yìn kẹ́ ẹ ti irin tó ń dá a dúró sókè kó dúró síbẹ̀, ẹ fipá yọ màgásíìnì, torí kò ní fẹ́ bọ́, ẹ wá fa síláìdì dáadáa léraléra títí kòròfo á fi jáde, kẹ́ ẹ wo ilé ọta pé ó ṣófo kẹ́ ẹ tó ti màgásíìnì míì bọ̀ ọ́. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èékánná yẹn ò fa nǹkan mọ́ tàbí ilé ọta ti dọ̀tí débi pé kòròfo ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Síláìdì tó tì tí kò tì tán, tó ku díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, òróró àti sípíríǹgì tó ti rẹ̀ ni, ó sì kan wa gan-an l'Ékòó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina tàbí Victoria Island, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń fẹ́ sí ìbọn ẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó jókòó nínú gosiló orí Third Mainland pẹ̀lú ìbọn níbàdí, òógùn náà iyọ̀ ni. Tó bá délé á tún fi í sínú àpò awọ mọ́jú, awọ sì rèé, ọ̀rinrin ló ń fà mọ́ra. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú awọ lálẹ́, ẹ nù ún gbẹ. Òróró ìbọn, ẹ̀kán kan kan sí ojú irin tí síláìdì ń yọ̀ lé àti orí bárẹ́ẹ̀lì níbi tó ń dán, ó tán. Nígbà ọyẹ́ ẹ tún dín in kù, torí eruku. Òróró ìdáná á di gọ́ọ̀mù. WD-40 tí wọ́n ń fọ́n sí i yìí, omi ni wọ́n ṣe é láti 1953 pé kó máa lé, kò ní pẹ́ gbẹ dànù lójú irin. Tó bá wá jẹ́ pé ọta kan ṣoṣo ni síláìdì ò tì mọ́, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ wò ó, ó lè ti wú tàbí kó ti dógùn-ún.

Lórí ọta, "nine millimeter" kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí Luger ṣe ní 1902 tí gbogbo ayé ń lò, gígùn kòròfo ẹ̀ 19 mm ni. Ti Makarov, ìbọn àwọn ará Rọ́ṣíà, 18 ni, orí ẹ̀ sì tún sanra jù ú lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní .380, 17 ni, á wọlé, ó tiẹ̀ lè dún, ṣùgbọ́n kò ní lágbára ti síláìdì dé ẹ̀yìn. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tò ó.

Àwọn tó bi mí léèrè bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá extractor ṣì dáa láìyìnbọn: ẹ tú ìbọn palẹ̀, ẹ mú síláìdì nìkan, láìsí bárẹ́ẹ̀lì, láìsí sípíríǹgì. Ẹ mú ọta aláìlẹ́tù, ẹ ti etí ẹ̀ bọ abẹ́ èékánná yẹn kó fẹ̀yìn ti ojú síláìdì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ wá mi síláìdì jẹ́jẹ́. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀. Tó bá já bọ́ kẹ́ ẹ tó mì í, ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí igi ìtayín yọ ìdọ̀tí abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un dán wò, tó bá tún já bọ́, ẹ gbé e lọ fún ármọ̀rà yín kó pààrọ̀ èékánná àti sípíríǹgì ẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi màgásíìnì tó ní nọ́ńbà yìn ín lórí réǹjì kẹ́ ẹ tó gbé e padà sẹ́nu iṣẹ́.